Ọgọ́ta Ọjọ́

Olóòtú ìwé ìrántí yìí kọ̀wé sí mi pé kí n kọ nǹkan nípa ìgbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́, kí n sì jẹ́ kí ẹ̀rín díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà tí ó ti fi iṣẹ́ tiwọn ránṣẹ́ ni ó kọ nípa àwọn tí ó ti sùn nínú Olúwa. Mo gbìyànjú. Mo kọ ojú-ewé méjì nípa agogo ìdájí, nípa ẹ̀wà alẹ́ Ọjọ́bọ̀, àti nípa bí a ti máa ń sáré lọ sí ilé ìsìn pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Mo tún un kà, mo sì fi í sílẹ̀. Ohun mìíràn ni ó ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ó jẹ mọ́ òróòro, ó jẹ mọ́ oníṣẹ́ abẹ kan ní ilẹ̀ Jàpáánì, ó sì jẹ mọ́ ìbéèrè kan tí mo dáhùn dáadáa nínú ìdánwò tí n kò sì lè dáhùn nígbà tí ó ṣe pàtàkì. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀, mo gbàgbọ́ pé Olóòtú yóò forí jì mí.

Ní ọdún 1973, nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹta, olùkọ́ tí ó ń kọ́ wa nípa ohun abẹ̀mí la inú ọ̀pọ̀lọ́ kan lójú wa. Ó fi abẹ́rẹ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ pátákó, ó la awọ ikùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi igi ṣóńṣó kan tọ́ka sí ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé orí ẹ̀dọ̀, ó gbé etí rẹ̀ sókè, a sì rí àpò kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ tí kò tó hóró ẹ̀wà, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé. “Òróòro nìyí,” ni ó wí. Ọ̀kan nínú wa ní òun mọ̀ ọ́n, pé ohun tí ìyá òun máa ń pariwo lé lórí nìyẹn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń la inú adìyẹ, pé kí a má ṣe jẹ́ kí ó fọ́ sí ẹran lára. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá ọmọ náà ti kọ́ ọ ní ìdajì ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, òun yóò sì fi ìdajì tí ó kù kún un.

Ó ṣàlàyé pé ẹ̀dọ̀ ni ó ń pèsè òróòro, àpò náà kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ni. Láti inú ẹ̀dọ̀, òróòro a máa gba ojú ọ̀nà tóóró kan lọ sínú ìfun, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rá inú oúnjẹ bí ọṣẹ ti ń ṣiṣẹ́ lára àwo tí epo ti dì mọ́. Òun náà ni ó ń fún ìgbọ̀nsẹ̀ ènìyàn ní àwọ̀. Bí ojú ọ̀nà náà bá dí, òróòro yóò padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹyinjú àti awọ ara yóò pọ́n bí èso ìyeyè, ìtọ̀ yóò ṣú, ìgbọ̀nsẹ̀ yóò sì funfun. Ó ní àwọn baba wa pe irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀: wọ́n rí ojú, wọ́n rí ìtọ̀, wọ́n sì fi méjèèjì sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n wọn kò mẹ́nu kan ìkẹta. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sára pátákó, a sì dà á kọ.

Kí ó tó tú wa sílẹ̀, ó sọ pé ẹyẹlé kò ní àpò òróòro rárá. A kò gbà á gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, àwa mẹ́ta kan lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà lára ẹyẹlé tí kì í ṣe tiwa, a sì rí i pé òótọ́ ni olùkọ́ sọ. Ìyà tí a jẹ nítorí ẹyẹlé náà ni mo fi san gbèsè ẹ̀rín tí Olóòtú béèrè lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè lórí òróòro jáde nínú ìdánwò ìparí ọdún. Mo dáhùn rẹ̀ pérépéré.

Ní ọdún 1992, mo jẹ́ àlùfáà ọ̀dọ́ ní ìlú kékeré kan. Arábìnrin kan nínú ìjọ wa, aránṣọ ni, bí ọmọ rẹ̀ kejì, ọmọbìnrin. Èmi ni mo sọ ọmọ náà lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. N kò ní kọ orúkọ náà síhìn-ín. Ọmọ náà dára, ó wúwo lọ́wọ́, ó sì ń mu ọmú dáadáa. Bí ojú rẹ̀ bá pọ́n díẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí ó kà á sí, nítorí pé ojú ọ̀pọ̀ ìkókó ni ó máa ń pọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ 21, lẹ́yìn ìpàdé àwọn obìnrin, ó gbé ọmọ náà wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ojú ọmọ yìí. Ó dà bí ẹni pé ó ṣì ń pọ́n.”

Mo wò ó. Ó pọ́n nítòótọ́. Mo sọ ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ. “Ìyá Ìkókó, ẹ má fòyà. Ẹ máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, yóò lọ.” Mo fi kún un pé sùúrù ni baba ìwà. Mo gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, mo gbàdúrà, mo sì bá tèmi lọ.

Ní ọjọ́ 43, wọ́n wá ṣe ìdúpẹ́ nínú ìsìn òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n wọ ọmọ náà ní aṣọ funfun àti fìlà funfun tí ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ rán, funfun náà sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ tún pọ́n sí i. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà obìnrin yí ìyá ọmọ ká, wọ́n ń bi í bí ọmọ ti ń ṣe lóru. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ náà kì í dààmú òun, pé ìlédìí rẹ̀ pàápàá kì í dọ̀tí bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, funfun ni gbogbo rẹ̀ máa ń rí, bí ẹ̀kọ, omi lásán ti tó láti fi fọ̀ ọ́. Mo dúró níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Mo sì sọ pé, “Ọlọ́run ti fi ìyẹn dín iṣẹ́ yín kù.” Gbogbo wọn ṣe àmín.

Mo ti ka àwọn ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà láti ìgbà náà wá, lọ́pọ̀ ìgbà ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọjọ́ 43, ọjọ́ 17 ṣì kù.

Ìyá-ìyá ọmọ náà fún un ní àgbo. Ilé ìwòsàn kékeré kan fún un ní oògùn ibà àti oògùn ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún, ikùn rẹ̀ wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rù ní apá àti ẹsẹ̀, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ìlú mìíràn. Mo bá wọn lọ. Dókítà tí ó gbà wá jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì ní sùúrù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó bi ìyá náà ni pé irú àwọ̀ wo ni ìgbọ̀nsẹ̀ ọmọ náà máa ń ní. Kí ìyá náà tó dáhùn, mo ti rí pátákó kíláàsì kẹta lójú mi, mo rí ìwé tí olùkọ́ kọ sára rẹ̀, mo tilẹ̀ rántí ibi tí ẹfun ìkọ̀wé ti já mọ́ ọn lọ́wọ́. Dókítà náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé pé ojú ọ̀nà òróòro ọmọ náà ti dí pátápátá. Ó ní iṣẹ́ abẹ kan wà fún un, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ náà ní àkókò tirẹ̀, bí oṣù méjì àkọ́kọ́; ẹ̀dọ̀ ọmọ yìí ti le, ó ti pẹ́ jù.

Ọmọ náà kú nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé oṣù mẹ́wàá. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, àwọn òbí rẹ̀ kò tẹ̀ lé wa dé ibojì. Èmi àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta nínú ìjọ ni a sin ín.

Ó tó ọdún 23 lẹ́yìn náà kí n tó mọ orúkọ ọkùnrin tí ó dá iṣẹ́ abẹ náà sílẹ̀. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ wa pé 40 ọdún tí a ti jáde, a sì pàdé ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ó jẹ ìyà ẹyẹlé ti di oníṣègùn àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀dọ̀ àti òróòro ni ó sì ń tọ́jú. Lábẹ́ igi máńgòrò tí ó wà lẹ́yìn yàrá ìjẹun, mo sọ ìtàn ọmọ náà fún un. Kò tù mí nínú, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Nígbà tí ó padà, ó fi ẹ̀dà ìwé kan ránṣẹ́ sí mi. Morio Kasai àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ni ó kọ ọ́, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968 nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣẹ́ abẹ ọmọdé, Journal of Pediatric Surgery. Kò gùn, ṣùgbọ́n ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ibi tí mo rò pé n kò ti ní rí nǹkankan mú ni mo ti kọ́kọ́ rí ìrànlọ́wọ́. Orúkọ iṣẹ́ abẹ náà ni hepatic portoenterostomy, ẹni tí ó bá sì ti jókòó ti Gíríìkì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà kò ní fòyà irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tó bí ó ti yẹ kí ó fòyà. Hepar ni ẹ̀dọ̀. Enteron ni ìfun. Stoma ni ẹnu, ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ nínú Májẹ̀mú Tuntun. Porta, tí í ṣe èdè Látìnì, ni ibodè. Ohun tí gbogbo rẹ̀ ń sọ kò ju pé a mú ìfun, a sì fi í ṣe ẹnu sí ibodè ẹ̀dọ̀. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní biliary atresia, atresia sì ni kí ohun tí ó yẹ kí ó ní ihò máa wà láìní ihò.

Kì í ṣe àìsàn tuntun. Ní Edinburgh, John Thomson ti kó ìròyìn nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé ní ọdún 1892. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1916, Holmes pín wọn sí ọ̀nà méjì: àwọn díẹ̀ tí apá kan ojú ọ̀nà òróòro ṣì ṣẹ́ kù fún lẹ́yìn òde ẹ̀dọ̀, tí oníṣẹ́ abẹ lè so ó mọ́ ìfun, àti àwọn yòókù, tí wọ́n pọ̀ jù, tí kò sí nǹkankan tí a lè so mọ́ nǹkankan. Ní ọdún 1928, William Ladd ti Boston kọ̀wé pé òun ti ṣe àṣeyọrí lára àwọn ti àkọ́kọ́. Àwọn ti ìkejì ni wọ́n wá ń pè ní èyí tí kò ṣeé túnṣe. Oníṣẹ́ abẹ yóò la ikùn ọmọ náà, yóò wò, kò ní rí ọ̀nà, yóò sì tún un rán. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kì í pé ọdún méjì láyé.

A bí Kasai ní ọdún 1922. Ní ọdún 1947 ni ó gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Tohoku ní ìlú Sendai, ìlú tí bọ́ǹbù ti sun ní oṣù Keje ọdún 1945. Ní ọdún 1955, ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìkókó kan tí ó jẹ́ ọmọ ọjọ́ 72. Bí àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ ti sọ ọ́, ó wá ojú ọ̀nà òróòro ní ibodè ẹ̀dọ̀, kò rí i, ẹ̀jẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Láti dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, ó fa ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré wá, ó sì fi bo ojú ibẹ̀. Kò retí ohun mìíràn. Lẹ́yìn náà ni òróòro bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn. Ọmọ náà kò yè é títí lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ojú ọ̀nà kan ti là láti inú ẹ̀dọ̀ wọ inú ìfun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbá pe èyí ní kòńgẹ́, kí ó sì parí síbẹ̀. Kasai kò jẹ́ kí ó parí síbẹ̀. Ó gé ibi tí ó ti di àpá ní ibodè ẹ̀dọ̀, ó fi í sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì rí i pé nínú àpá tí ojú lásán ń wò bí okùn gbígbẹ, àwọn ihò tíntìntín wà tí òróòro ṣì lè gbà. Bí a bá gé àpá náà dé ojú ẹ̀dọ̀, tí a sì rán ìfun yí ibẹ̀ ká, òróòro lè rí ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n àwọn ihò náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́ wọ́n ṣì ń ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, àpá yóò máa dí wọn, ẹ̀dọ̀ yóò sì máa le. Láti ibẹ̀ ni ọgọ́ta ọjọ́ tí àwọn oníṣègùn ń tẹnu mọ́ títí di òní ti wá. Kì í ṣe pé ìlẹ̀kùn ń tì ní ọjọ́ 61, ọ̀rẹ́ mi kìlọ̀ fún mi nípa ìyẹn. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni ìrètí ń dínkù.

Ní ọdún 1959, Kasai àti Suzuki tẹ àlàyé náà jáde ní èdè Jàpáánì. Àkọlé rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ abẹ tuntun ni, fún irú biliary atresia tí “kò ṣeé túnṣe.” Nínú àkọlé náà bí wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀, inú àmì àyọlò ni ọ̀rọ̀ náà wà, bí ẹni tí ó fi ọmọ ìka méjì mú nǹkan tí kò fẹ́ kí ó kan ara òun. Mo ti wo àmì àyọlò náà pẹ́. Èmi náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé túnṣe lẹ́nu àwọn ènìyàn nípa ìgbéyàwó, nípa ọmọ tí ó sá nílé, nípa ara wọn, iṣẹ́ mi ni láti má ṣe gbà á. Síbẹ̀, nígbà tí ó kan ara ọmọ ọjọ́ 43, n kò tilẹ̀ dé ibi tí mo ti lè kọ̀ ọ́. Mo ń sọ̀rọ̀ ìlédìí.

Láti 1959 títí di 1968 tí ti Gẹ̀ẹ́sì jáde, ìmọ̀ náà wà ní Sendai, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì ń la ikùn àwọn ọmọ, wọ́n ń wò, wọ́n ń rán an padà. Kódà lẹ́yìn 1968, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà á gbọ́ fún ọdún mélòó kan. Ó wù mí láti bínú sí wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni tiwọn, ìwé náà sì wà ní èdè tí wọn kò gbọ́. Ọdún 19 ni tèmi, láti 1973 dé 1992, inú ìwé àjákọ tèmi ni ó sì wà, ní ọwọ́ ìkọ̀wé tèmi.

Ọ̀rẹ́ mi kò fẹ́ kí n sọ Kasai di oníṣẹ́ ìyanu, mo sì ti ṣèlérí fún un. Iṣẹ́ abẹ náà kì í yọrí sí rere fún gbogbo ọmọ. Kódà níbi tí ọwọ́ ti mọ́ ọn dáadáa, ọ̀pọ̀ ni òróòro wọn kì í ṣàn tó, àwọn mìíràn sì wà tí ó ṣàn fún tí wọ́n ṣì nílò kí a pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí a gbìyànjú láti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ láyé, lọ́wọ́ Thomas Starzl ní Denver ní ọdún 1963, ọmọdé tí ó ní àìsàn yìí gan-an ni, kò sì yè é. Lónìí àwọn kan wà tí Kasai ṣe iṣẹ́ náà fún ní ìkókó tí wọ́n ti di àgbà, àwọn mìíràn sì wà tí iṣẹ́ náà ra àkókò fún títí tí ara wọn fi tó pààrọ̀ ẹ̀dọ̀. Èyí náà kì í ṣe ohun kékeré. Kasai fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 2008. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sọ pé ó fẹ́ràn òkè gígùn, ní ọdún 1986 òun ni olórí ikọ̀ Yunifásítì Tohoku tí ó kọ́kọ́ dé ṣóńṣó òkè Nyainqentanglha ní Tibet, òkè tí gíga rẹ̀ ju mítà 7,000 lọ. Èmi tí mo ń mí hẹlẹ bí mo bá gun àtẹ̀gùn orí àga ìwàásù, mo kí i.

Ohun kan tí ó kù nínú ìtàn yìí kò la ọ̀bẹ lọ rárá. Ní ilẹ̀ Jàpáánì, wọ́n ṣe káàdì kan tí a tẹ àwọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ìkókó sí, láti funfun dé àwọ̀ ewé, kí ìyá lè fi wé èyí tí ó bá wà nínú ìlédìí. Ìpínlẹ̀ Tochigi ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Taiwan mú un lò káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọdún 2004, ní ọdún 2012 sì ni Jàpáánì fi í sínú ìwé tí a ń fún gbogbo aboyún. Owó tí yóò ná ni kò tó nǹkan. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn ìyá nínú ìjọ mi kò ní àwòrán bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo ka ìwé náà tán, mo mọ̀ pé ẹnì kan wà tí mo gbọ́dọ̀ lọ bá. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin kí n tó lọ. Aránṣọ náà ṣì wà ní ìlú yẹn, ó ti ní ọmọ-ọmọ, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin márùn-ún ní iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ nítorí pé aṣọ ìyàwó kan wà nílẹ̀ tí wọn yóò wá gbà lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí Jàpáánì, bí ọ̀lẹ. Ó gbọ́ mi fún ìgbà díẹ̀.

“Bàbá, mo ti mọ èyí,” ni ó wí. “Nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún mi lọ́dún náà pé àwọ̀ ìlédìí yẹn ni à bá fi mọ̀. Mo sì ti sọ fún ara mi pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ nínú gbogbo wa.”

Mo ní, “Mo mọ̀. Wọ́n kọ́ mi ní kíláàsì kẹta. Mo gbà máàkì lórí rẹ̀.”

Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé ojú sókè, wọ́n sì tún tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ pé kò sí nǹkan, kò sì sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, gbólóhùn tí èmi fúnra mi ti sọ ní ibojì àwọn ọmọ tí mi ò lè kà. Ó wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Ṣé ẹ ti ń sọ ọ́ fún àwọn tó kù?”

N kò tíì máa sọ ọ́. Mo ti ń ka ìwé ni.

Láti ọdún náà ni mo ti ń bi àwọn ìyá ní ìbéèrè yẹn. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, lẹ́yìn tí a bá ti pín oyin àti iyọ̀, mo máa ń pe ìyá ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì ń bi í nípa àwọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn ìyá àgbà kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àlùfáà àwọn ti ya wèrè ìlédìí. Mo ń sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀ ìkókó ni ojú wọn máa ń pọ́n tí ó sì ń lọ, pé kí wọ́n má ṣe fi káńfọ̀ sínú aṣọ ọmọ, pé bí ojú tàbí ara ìkókó bá tètè pọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tàbí tí ó ń pọ́n gan-an tí ọmọ kò sì mu ọmú, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Mo sì ń sọ pé bí ọjọ́ 14 bá ti kọjá tí ojú ṣì ń pọ́n, tàbí tí ìgbọ̀nsẹ̀ bá funfun bí ẹ̀kọ tàbí bí amọ̀ ní ọjọ́kọ́jọ́, oòrùn àárọ̀ kọ́, àgbo kọ́, àdúrà èmi nìkan sì kọ́. Kí wọ́n ní kí dókítà ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ń fi irú ìpọ́n náà hàn. Ọmọ méjì ni mo ti tipa bẹ́ẹ̀ ní kí wọ́n gbé lọ kíákíá. Ti ọ̀kan kì í ṣe àìsàn yìí. Èkejì kò tíì pé oṣù méjì nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, a ṣì ń wò ó.

Ní oṣù kan lẹ́yìn ìbẹ̀wò mi, aránṣọ náà fi ẹrù kékeré kan rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sí mi. Ó ti gé àkísà aṣọ méje, ó tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, ó sì rán wọn mọ́ páálí tí ó fi aṣọ bò: funfun, àwọ̀ ẹ̀kọ, àwọ̀ amọ̀, lẹ́yìn náà ìyeyè fífẹ́rẹ̀, ìyeyè gidi, àwọ̀ ewé, àti àwọ̀ ilẹ̀. Ó fi òwú pupa rán ìlà kan sí àárín ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Ọ̀rẹ́ mi wo àwòrán rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi wé káàdì tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ó ní àwọ̀ kan ṣoṣo ni òun yóò pààrọ̀, obìnrin náà sì ti pààrọ̀ rẹ̀. Inú ìwé ìsìn mi ni ó wà, ní ojú-ewé ìbatisí, ó sì ti ń sọ ìwé náà di wíwú débi pé kò pa dé mọ́.